Kì í Ṣe Lẹ́tà Nìkan, Aládùúgbò Rẹ̀ Ni

Ní oṣù tó kọjá, Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n màmá mi tí wọ́n ń ta aṣọ òkè n'Íbàdàn, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohùn wọn kì í dín ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè nípa ẹ̀kọ́ mi, wọ́n béèrè bóyá mò ń jẹun dáadáa, kí wọ́n tó délẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ọkọ mi, ẹnì kan ta oògùn kan fún mi. Ó ní ara wa ló ń dógùn-ún látinú bí irin, pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ àti ọjọ́ ogbó, pé oògùn yìí á fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ṣebí èdè lẹ̀ ń kọ́ ní yunifásítì? Túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

Wọ́n fi fọ́tò ìgò náà tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé oògùn náà ń dáàbò bo DNA lọ́wọ́ ọ́síjìn tó ń bà á jẹ́. 18,000 náírà ni wọ́n rà á, oṣù kan péré ló sì máa tó wọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn ló gbé mi lọ́kàn jù: wọ́n ní àwọn ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró ná, torí pé owó ò ká méjèèjì.

Mo jókòó ti fóònù mi, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọdún kẹrin mi rèé nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè. Mo lè ya igi gbólóhùn, mo lè pín ọ̀rọ̀ sí mọ́fíìmù, mo lè ṣàlàyé ìpajẹ àti àrànmọ́ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n n kò lè fi Yorùbá tó já gaara sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ọ́síjìn bá ba DNA jẹ́ fún ìyá tó ràn mí níléèwé. Ẹni tó ta ìgò náà lè sọ ọ́. Irọ́ ni ó sọ, àmọ́ Yorùbá rẹ̀ dùn, ó sì yé wọn.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú DNA yìí jọ ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ti mọ̀ dáadáa, débi pé ojúṣe wa ni láti lè sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn wa. Bí a bá ń sọ pé iṣẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì ni, àwọn tó ń ta ìgò ni yóò máa bá wa sọ ọ́.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní ẹ̀ka Bàókẹ́místírì. Mo fi fọ́tò náà hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìgò yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé páànù ni DNA, pé bákan náà ló ń dógùn-ún yíká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìbàjẹ́ náà máa bọ́ sí dá lórí lẹ́tà tó wà níbẹ̀, àti lẹ́tà tó jókòó tì í." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo sọ fún un pé wọ́n ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí rí, ní ọdún kejì, nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Ẹ mú "ń" tó ń fi hàn pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́. Lójú ìwé, ọ̀kan náà ni. Lẹ́nu, kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ pe "ó ń bọ̀," ètè yín á pàdé. Ẹ pe "ó ń lọ," ahọ́n yín á kan èrìgì. Ẹ pe "ó ń kọrin," ẹ̀yìn ahọ́n yín ló máa gbéra sókè. Ìró tó tẹ̀ lé e ló ń pinnu ohun tí "ń" máa dà. Ẹ tún mú "ní." Bó bá pàdé "ilé," ó di "nílé." Bó bá pàdé "ọjà," ó di "lọ́jà." Bó bá pàdé "òkè," ó di "lókè." N kan náà ni, fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bóyá yóò wà bó ṣe wà tàbí yóò di l. Gbogbo wa la ti kọ ọ́ nínú ìdánwò: a kì í mọ ìwà ìró láìmọ àyíká rẹ̀.

Wàyí o, DNA. Okùn méjì ni, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí àtẹ̀gùn tí wọ́n yí po. Àwọn béésì mẹ́rin ló wà láàárín, a ń fi lẹ́tà A, T, G àti C pè wọ́n. A ló ń dojú kọ T, G ló ń dojú kọ C. Ọdún 1953 ni wọ́n tẹ àwòrán bó ṣe rí jáde fún ayé. Nínú ẹ̀dà kan tí ọmọ ènìyàn gbà lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tó bílíọ̀nù 3.

Kí wá ni ọ́síjìn ń fi wọ́n ṣe? Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ di agbára, àwọn ẹ̀yà ọ́síjìn kan máa ń yọ jáde tí ara wọn kò balẹ̀. Èéfín sìgá, ìtànṣán X-ray àti ara wíwú tí kò lọ bọ̀rọ̀ tún ń bí irú wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, wọ́n sì máa ń já a gbà lára ohun tó bá wà nítòsí. Àwọn kan nínú wọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní hydroxyl, kì í yan ẹni tí wọ́n máa kọ lù. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ bá pàdé ni wọ́n ń bá jà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló wà tó jẹ́ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ, irú ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tó ti rọrùn jù.

Ibi tó ti rọrùn jù ni G. Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ti wọn bó ṣe le tó láti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ béésì kọ̀ọ̀kan. Fún G, 1.29 volt ni. Fún A, 1.42. Fún C, nǹkan bí 1.6, fún T, nǹkan bí 1.7. Bí iye náà bá ṣe kéré tó ni ó ṣe rọrùn tó. Nítorí náà, nínú àwọn mẹ́rin, G ni ọwọ́ rẹ̀ kò mú ohun ìní rẹ̀ ṣinṣin.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, lẹ́tà nìkan ni à bá máa sọ, kò bá tí kan àwa tá à ń kọ́ nípa àyíká. Àmọ́ kò parí síbẹ̀. Láàárín ọdún 1995 sí 1996, Isao Saito, Hiroshi Sugiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kyoto, ní Japan, fi hàn pé G kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba. Bí G bá dá wà láàárín àwọn lẹ́tà mìíràn, ó ní bó ṣe rí. Bí G méjì bá tẹ̀ léra, ó túbọ̀ rọrùn láti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Bó bá di mẹ́ta, ó tún rọrùn sí i. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú G méjì tó tẹ̀ léra, wọn kì í pín ìyà náà dọ́gba. Apá ibì kan ni a ti ń ka okùn DNA, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ìwé láti òsì sí ọ̀tún. G tí a kọ́kọ́ kà ni ìbàjẹ́ sábà máa ń bọ́ lé lórí. Kí ló fà á? G tó tẹ̀ lé e ni. Àwọn béésì wọ̀nyí tò léra bí abọ́ nínú àpótí ìyá ìyàwó, ojú àwọn méjèèjì sì fara kanra débi pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù èyí tó wà níwájú túbọ̀ rọrùn láti já gbà.

Ẹ padà lọ wo "ń bọ̀." Ìró tó wà lẹ́yìn ló ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ṣáájú. Ẹ wo GG. Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ló ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ṣáájú. N kò sọ pé ohun kan náà ló fà á o. Ẹnu àti ahọ́n ló fa ti àkọ́kọ́, kẹ́místírì ló fa ti ìkejì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè tó yẹ ká bi àwọn méjèèjì dọ́gba: ta ló jókòó tì ọ́?

Ọ̀rọ̀ náà tún jìn ju aládùúgbò tó fara kanni lọ. Ní ọdún 1996, Jacqueline Barton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà, so èròjà kan tó ní irin rhodium nínú mọ́ ìpẹ̀kun okùn DNA kan. Wọ́n tan iná sí i kó lè gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìbàjẹ́ náà kò dúró síbi tí wọ́n so èròjà mọ́. Ó yọ lọ́nà jíjìn, níbi tí G méjì ti tẹ̀ léra. Nígbà tó di 1999, wọ́n ti fi hàn pé ó lè rìn tó nǹkan bí 20 nanometre. Lójú wa, ìyẹn kò tó nǹkan, àmọ́ nínú DNA, ó ju àádọ́ta lẹ́tà lọ. Bernd Giese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Basel, ní Switzerland, ṣe àlàyé pé ńṣe ni àlàfo tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi sílẹ̀ ń fò láti orí G kan sí òmíràn, àti pé iye A àti T tó bá wà láàárín wọn ló ń sọ bó ṣe máa rọrùn tó láti fò. Ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ níbí yóò gba ti aládùúgbò rẹ̀ láti fi dí i, ìyẹn á gba ti ẹlòmíràn, títí gbèsè náà á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lágbára láti kọ̀. Ẹni náà ni GG.

Nínú kíláàsì, a mọ irú èyí náà. Àǹkóò fáwẹ́lì ń kọjá lórí kọ́ńsónáǹtì kó tó dé ọ̀dọ̀ fáwẹ́lì kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ní "ẹsẹ̀" àti "ewé," tí a kò sì lè ní ọ̀rọ̀ Yorùbá onísílébù méjì tí e àti ẹ ti jọ wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀.

Kí ló wá ṣe Ìyá Àgbà nínú gbogbo èyí? Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé G tó bàjẹ́ yẹn délé. Àwọn ọ̀nà tó ń gbà bàjẹ́ pọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni pé ó ń di 8-oxoguanine. Àwọn onímọ̀ Japan méjì, Hiroshi Kasai àti Susumu Nishimura, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1984. Àtọ́mù ọ́síjìn kan ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìwà rẹ̀ sì ti yí padà. G tó yẹ kó máa dojú kọ C lè wá yí ara rẹ̀, kó dojú kọ A. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń da DNA rẹ̀ kọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, A ni yóò kọ síbi tó yẹ kó kọ C. Nígbà tó bá tún dà á kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, A yẹn á pe T. Bí G ṣe di T nìyẹn, àṣìkọ tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ mọ́ pé àṣìkọ ni.

Ara kò jókòó lásán o. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ OGG1 ń yọ G tó bàjẹ́ kúrò níwájú C. Òmíràn tó ń jẹ́ MUTYH ń yọ A tó jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wé-wò ni wọ́n, ọ̀sán àti òru ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Tomas Lindahl wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́místírì ní 2015 nítorí iṣẹ́ wọn lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tún DNA ṣe.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí olùyẹ̀wé-wò bá sùn lọ? Ní 2002, àwọn oníwádìí ní Cardiff, ní Wales, ṣàyẹ̀wò ẹbí kan tí kókó pọ̀ nínú ìfun ńlá wọn, tí ọ̀kan nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ sì ń di jẹjẹrẹ. Wọ́n rí i pé ẹ̀dà méjèèjì jíìnì MUTYH tí wọ́n jogún ló ní àbùkù. Wọ́n wo jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ APC, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ìfun máa pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àṣìkọ G sí T lọ́pọ̀lọpọ̀. Àmọ́ kì í ṣe G gbogbo. Níbi tí G ti ní A méjì lẹ́yìn, ìyẹn GAA, ni wọ́n ti ń rí i jù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè, ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ka jíìnì nígbà tó bá fẹ́ fi ṣe purotéènì. GAA ń sọ pé kó fi ègé kan tó ń jẹ́ glutamic acid kún iṣẹ́ náà. Bí G bá di T, GAA á di TAA. TAA kì í ṣe ègé kankan. Àmì ìdánudúró ni. Sẹ́ẹ̀lì ń ka gbólóhùn lọ, ó dé àárín, ó rí àmì ìdánudúró, ó dákẹ́. Purotéènì tó yẹ kó máa ṣọ́ ìfun á di ààbọ̀. Bí G yẹn bá ní aládùúgbò mìíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ègé kan lásán ni ì bá yí sí òmíràn. Lẹ́tà kan náà, àṣìkọ kan náà, ibi tó bọ́ sí ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa ìgò yẹn nìyí. "Ara ń dógùn-ún" jẹ́ àfiwé tó dùn, tó rọrùn, tó sì ń ṣini lọ́nà. Irin tó dógùn-ún, a lè fi yanrìn ha á, a lè fi epo pa á, kó tún máa dán. Ẹni tó bá gbà pé bí DNA ṣe rí nìyẹn yóò gbà pé ohun tó bá fọ ìdógùn-ún dànù ló yẹ kó mu, bó bá sì ṣe ń mu púpọ̀ tó ni yóò máa dára tó. Àmọ́ ohun tá a ti rí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fífọ̀. Ọ̀rọ̀ pé níbo ni ó ṣẹlẹ̀, ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣé olùyẹ̀wé-wò sì tètè dé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn oníjàgídíjàgan yìí kì í ṣe ọ̀tá nígbà gbogbo. Òun náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń pa kòkòrò àrùn.

Wọ́n sì ti dán ohun tí ìgò náà ń ṣèlérí wò, lọ́nà tó tóbi. Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní beta-carotene, wọ́n fún àwọn kan ní fítámì E, wọ́n fún àwọn kan ní méjèèjì, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lo beta-carotene. Fítámì E kò sì dín in kù. Ní Amẹ́ríkà, Canada àti Puerto Rico, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó lé ní 35,000 ní fítámì E àti selenium, wọ́n rò pé yóò lé jẹjẹrẹ tó ń mú ẹ̀yà ara ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní prostate jìnnà. Èsì tó jáde ní 2011 ni pé àwọn tó lo fítámì E nìkan ní i ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí kò lo nǹkan kan lọ. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ọsàn o. Oúnjẹ ni ìyẹn, ẹ máa jẹ ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé oúnjẹ inú àwo kì í ṣe oògùn inú ìgò, àfiwé tó dùn kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ, torí pé mo ti gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka wa. Àkọ́kọ́, "kí ló kàn wá?" Àwa tá à ń sọ níbi gbogbo pé DNA jẹ́ èdè, pé ó ní álífábẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn! A máa ń sọ ọ́ láti fi buyì kún ẹ̀ka wa, a sì máa ń dúró síbẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí àfiwé yẹn ti dùn jù ni ó ti lẹ́gbẹ́ jù. DNA kò ní ẹni tó ń sọ ọ́, kò ní ẹni tó ń gbọ́ ọ, kò sì ní ohun tó ń gbèrò láti sọ. Ibi tó ti bá iṣẹ́ wa mu ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu bà: ipa tí àyíká ń ní. Bí a bá fẹ́ fi DNA yangàn, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó jẹ́ òótọ́ yangàn.

Èkejì, "Gẹ̀ẹ́sì ni èdè sáyẹ́ǹsì, Yorùbá kò lè gbé e." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ èyí, ẹ wo orúkọ àwọn ohun tá à ń kọ́. Àrànmọ́, ìpajẹ, àǹkóò, aránmúpè, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Wọn kò bọ́ láti ọ̀run. Àwọn àgbà ìmọ̀ èdè wa ló jókòó tí wọ́n ṣẹ̀dá wọn tàbí tí wọ́n fìdí wọn múlẹ̀. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló bí Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984. Láti 1970, iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè tó gbé "àǹkóò fáwẹ́lì" lè gbé "aládùúgbò G." Ohun tó kù ni ẹni tó máa gbé e.

Ẹ̀kẹta ló le jù, ọ̀rẹ́ mi Bàókẹ́místírì ló sì bi mí: "Bí ẹ̀yin onímọ̀ èdè bá ṣì í sọ ńkọ́?" Òótọ́ ló sọ. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ "ìdógùn-ún DNA" sínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Òun ló ní kí n pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dábàá pé ká má dá a ṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè kan àti akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kan jọ jókòó, kí wọ́n mú kókó kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá ní ojú ìwé méjì péré, kí wọ́n kà á fún ẹnì kan tí kò lọ sí yunifásítì, kí wọ́n sì tún ibi tí kò bá yé e kọ. Ìwé yìí tí ẹ ń kà lè gba ọ̀kan lóṣooṣù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ wà ní ilé ìwòsàn, ní ilé iṣẹ́ rédíò àti ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Kò gba owó. Kò sì dìgbà tí ìgbìmọ̀ kan bá fọwọ́ sí i.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ fi ohùn ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà, ìṣẹ́jú mẹ́jọ. N kò dárúkọ volt, n kò dárúkọ Kyoto. Mo ní: "Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ rántí aṣọ òkè tí fọ́nrán òwú kan já lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ létí ni, ẹ ó gé e dànù, kò sóhun tó ṣe aṣọ. Bó bá jẹ́ láàárín ọnà ni, gbogbo ọnà náà á tú. Òwú kan náà ni, ibi tó wà ni ọ̀rọ̀. Bí ti inú ara ṣe rí nìyẹn. Àwọn alátùn-únṣe wà nínú ara yín tí wọ́n ń tún un so ní gbogbo ìgbà. Kò sí oògùn inú ìgò tó mọ ibi tí òwú ti já." Ọ̀rẹ́ mi gbà á lẹ́nu mi, ó sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kí wọ́n jọ̀wọ́ padà sídìí oògùn tí dókítà kọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní alẹ́, wọ́n dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti lo oògùn àwọn. Wọ́n ní ìgò náà ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n, torí pé owó ni wọ́n fi rà á, àwọn kò sì ní dà á nù lónìí. Wọ́n wá ní: "Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa òwú yẹn, ó yé mi. Ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ wa lọ́jà? Àwọn mẹ́rin ló ra ìgò yẹn."

Mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́.